Kòlẹ́sẹ̀: ohun tí orúkọ irun náà ń wí àti bí wọ́n ṣe ń dì í

Onídìrí, Akúrẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe gbogbo irun tí wọ́n bá ti dì lọ sẹ́yìn ní kòlẹ́sẹ̀ mọ́, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pè é nítòsí Ọjà Ọba níbí. Irun tí kò lẹ́sẹ̀ ni: ìdí rẹ̀ kì í jábọ́ sọ́rùn. Bí ó bá dé ìpàkọ́, wọ́n á ká a sínú ni. Èyí tí ìrù rẹ̀ ń fì lọ́rùn, "all back" lásán ni.

Iwájú orí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òrí díẹ̀ ra orí, ẹ wá fi ìdí òòyà ya irun sí ọwọ́ 8 sí 12. 6 tó fún ọmọdé. Irun bíńtín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, kí ẹ máa bu irun mọ́ ọn bí ẹ ṣe ń dì í lọ. Inú ìlà yẹn gan-an ni kí ẹ ti máa bù ú. Bí ẹ bá bù ú láti ìlà kejì, ìlà á wọ́, orí á sì máa ta oníǹkan.

Ìpàkọ́ ni iṣẹ́ wà. Irun ibẹ̀ kúrú, ó sì tètè ń já, nítorí náà ẹ dẹwọ́. Ẹ lọ́ ìdí ọwọ́ méjì tó wà nítòsí ara wọn pọ̀, ẹ fi òwú dúdú so ó, ẹ tì í sábẹ́ ìdì. Bí ẹ kò bá so ó kí ẹ tó tì í, á yọ jáde bí wọ́n bá ti wé gèlè.

Onídìrí, Òǹdó:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń pè mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ń ti ẹ̀yìn ọrùn bọ̀ wá síwájú orí ni. Ẹni tí wọ́n ń dì í fún gbọ́dọ̀ tẹríba dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ á tú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má di irun tútù. Ó máa ń nà, ó máa ń já, bó bá sì gbẹ tán, á fún mọ́ orí. Bí kókó wẹ́wẹ́ bá yọ létí irun iwájú, ẹ tú ọwọ́ yẹn lọ́jọ́ náà. Fífà bẹ́ẹ̀ léraléra ló ń pá iwájú orí àwọn ọmọbìnrin wa.

Ẹlòmíràn, Akúrẹ́:
Pàtẹ́wọ́ ńkọ́?

Onídìrí, Òǹdó:
Láti ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì ni, wọ́n á pàdé láàárín orí, bí ìgbà téèyàn pàtẹ́wọ́. Àárín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ là tààrà láti iwájú dé ìpàkọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kankan.