Ta ló sọ ilé iyùn di àpáta?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àpérò o.

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ dá “ìmọ̀ àpáta-iyùn ayébáyé” fún iṣẹ́ àwọn tó ń tú ìtàn ilé ńláńlá tí iyùn kọ́ sínú òkun ilẹ̀ olóoru láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá wọn pa á. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ; ẹ̀gbọ́n ò wo ilé rárá.

Ìtòsí Olúmọ ni mo dàgbà sí, èmi kì í ṣe àlejò àpáta. A bá àpáta níbẹ̀ ni. Ẹ̀dá kan ò mọ ọ́n. Iyùn inú òkun, ẹ̀dá tó ń jẹun ni. Òmíràn ò ju orí ìṣáná lọ, tó ń fa èròjà inú omi, tó ń sọ ọ́ di líle bí efun, tó fi ń mọlé yí ara rẹ̀ ká. Bí ó bá kú, ọmọ a mọ tirẹ̀ lé e lórí. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóko wa bí kò ṣe ikán? Kí là ń pe ilé ikán? Ògán. Ògán iyùn ni mo ti ń sọ pé kí ẹ pè é, kí á sinmi.

Ṣùgbọ́n “ayébáyé” yẹn gan-an ló dùn mí. Ẹ wo “bá” tó wà láàárín rẹ̀. Ayé bá ayé: tòní bá tàná, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ní orò ayébáyé, a ṣì ń ṣe é nìyẹn. Àwọn iyùn tó kọ́kọ́ ń kọ́lé sínú òkun, ta ló bá wọn? Èyí tó kù nínú wọn parun ní nǹkan bí 252 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó ń bẹ nínú òkun kú. Irú èyí tó ń kọ́lé lónìí ò hàn nínú òkúta títí ó fi di nǹkan bí 240 mílíọ̀nù. Wọn ò bára wọn! “Àtijọ́” lásán tó.

Ẹ̀gbọ́n fèsì lánàá pé ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá, àti pé ikán kì í gbé inú omi. A gbọ́. Ṣé àpáta a máa ka ọjọ́ ni? Ní 1963, John Wells, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ka ìlà tín-ín-rín ara iyùn tó ti di òkúta, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ó bá nǹkan bí 400 nínú ọdún kan, nítorí nígbà ayé iyùn yẹn, ayé ń yára yí lórí ara rẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ sì pọ̀ jù báyìí nínú ọdún. Ohun tí wọ́n ń mọ lójoojúmọ́ ló ń ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ìyá bàbá mi tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìtòkú a máa fi eyín kan iyùn kó tó rà á. Kò pè é lókùúta rí. Ó ní ó hù ni.

Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ ní iyùn pupa tí ọba ń wọ̀, tí wọ́n ń wà ní òkun Mediterranean, kì í kọ́ irú ilé yìí, òótọ́ lẹ sọ. Kí la wá fẹ́ fi rọ́pò “iyùn”? Ẹ ò sọ.

Àbúrò tó ní kí n fi àmì sábẹ́ o, kí n kọ ọ́ ní “ọ̀gán”: “lọ́gán” ni mo mọ̀ mọ́ ìyẹn. Kó wá sóko wa kó bi àwọn ìyá níbẹ̀, kó tó tún fi àmì kankan ránṣẹ́ sí mi.