Bàsáà àti ọjọ́ eré ìdárayá: kí ni ká múra sílẹ̀ ní táàmù kẹta?

Ìyá Fọlá, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìwé dé láti ilé ìwé puráímárì: bàsáà lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ eré ìdárayá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí òbí tó bá lè dáná gbé oúnjẹ wá. Jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti puff-puff ni mo fẹ́ gbé lọ. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Àǹtí Bísí, Manchester: Ẹ kú ìmúra o. Èròjà 14 ni òfin ibí kà sí ohun tí ara àwọn kan kì í gbà, oúnjẹ wa sì ní púpọ̀ nínú wọn. Fùláwà puff-puff, wíìtì ni. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí: ẹyin, ẹja, edé, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Edé lílọ̀ kì í hàn sójú, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí mágí náà, torí òmíràn ní wíìtì, sóyà tàbí sẹ́lẹ́rì. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sára páálí kékeré síwájú kúlà kọ̀ọ̀kan, kí kúlà kọ̀ọ̀kan sì ní ṣíbí tiẹ̀. Ẹ̀pà, kúlíkúlì, ata súyà, ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò gbà wọ́n wọlé rárá.

Bàbá Ìbejì, Birmingham: Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ se ìrẹsì, ẹ má sè é sílẹ̀ lálẹ́. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán. Tí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò yẹn á pọ̀ sí i, oró tó bá sì tú síbẹ̀, gbígbé e padà sórí iná kò lè mú un kúrò. Ẹ da omi gbígbóná sínú kúlà fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù, kí ẹ wá bu ìrẹsì sí i bó ṣe ń sọ èéfín. Ó gbọ́dọ̀ wà ní 63°C sókè. Tó bá fi lè wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tà á tán láàárín wákàtí 2, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dà á nù. Kílò 5 ìrẹsì gbígbẹ á tó nǹkan bí àwo kékeré 60.

Ìyá Fọlá: Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ọjọ́ eré ìdárayá wá ńkọ́?

Sístà Lọlá, Leeds: Ilé ni kí ẹ ti fi ìpara oòrùn pa ọmọ, torí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í bá ọmọ pa á. Kí SPF, ìyẹn nọ́ńbà ààbò oòrùn tó wà lára ìgò, jẹ́ 30 sókè, kó sì ní ìràwọ̀ UVA 4 ó kéré tán. Oòrùn ń jó awọ dúdú náà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ẹ wo ara ìgò dáadáa, àwọn kan ní òróró álímọ́ńdì, álímọ́ńdì náà sì wà lára èròjà 14 yẹn. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sára fìlà, ìgò omi àti bàtà. Tí eré ẹyin-lórí-ṣíbí bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀dùnkún kékeré kọ́ ọmọ nílé: kó na apá síwájú, kó tẹjú mọ́ ṣíbí, kí àtàǹpàkò má kan ẹyin. Àtàǹpàkò yẹn ni wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ dá ọmọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà kí ilé ìwé tó parí ní oṣù keje, torí pé owó ẹ̀ dínkù, ẹ rọra ṣírò ẹ̀. Ní England, tí ọmọ bá pa ilé ìwé jẹ fún ọjọ́ 5 láìgbàṣẹ, ó ti tó fún owó ìtanràn: £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di £160. Ìyá àti bàbá pẹ̀lú ọmọ méjì, £320 nìyẹn.

Ìyá Fọlá: Háà! Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìwé gan-an ni màá ra tèmi sí.