Wọ́n ní kí n lọ ṣe art therapy ní Òṣogbo. Kí ni kí n máa retí?

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ tí kò dúró lọ́dún tó kọjá, n kò rí oorun sùn dáadáa mọ́. Mo lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ kílẹ̀ ṣú láìrán nǹkan kan. Àwọn oníbàárà mi ti ń gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Dókítà tó ń tọ́jú mi wá sọ pé, yàtọ̀ sí oògùn tí mò ń lò, kí n máa lọ rí obìnrin kan tó ń fi àwòrán yíyà àti amọ̀ mímọ tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Art therapy ni wọ́n pè é.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ya nǹkan kan rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àfi kí n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ. Ṣé wọ́n á fún mi ní máàkì ni? Ṣé ó máa wo àwòrán mi kó sì máa ka àṣírí inú mi jáde, bí babaláwo ṣe ń ka ojú ọpọ́n? Ìyá ọkọ mi náà gbọ́ pé a máa mọ amọ̀, wọ́n ní ère ni, pé àwọn ò fẹ́ ohun tó jọ ère nínú ilé ọmọ àwọn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Kí ni kí n mú dání? Ṣé màá máa sunkún níwájú ẹni tí n kò mọ̀ rí?

Aláàdìrẹ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo sì fi ń jẹun láti kékeré. Nígbà tí àwọn adigunjalè dá mọ́tò wa dúró lọ́nà, tí mo rí ohun tí kò yẹ kí ojú rí, irú ibi tí wọ́n rán ọ lọ yìí ni wọ́n rán èmi náà lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni màá sọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù. Olùtọ́jú náà bi mí léèrè ohun tó gbé mi wá, oògùn tí mò ń lò, bí mo ṣe ń sùn, ta ni mo ní nílé, kí ni mo fẹ́ kó yí padà. Ó ní ohun tí mo bá sọ àti ohun tí mo bá yà kò ní kúrò láàárín àwa méjèèjì, àfi tó bá rí i pé ẹ̀mí mi tàbí ti ẹlòmíì wà nínú ewu. Ó sọ àkókò fún mi: bíi wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, aago kan náà. Ó fi kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ hàn mí, níbi tí iṣẹ́ mi máa wà. Ìgbà tó kù díẹ̀ ká dìde ló tó ní kí n mú ohun tó bá wù mí lórí tábìlì.

Tábìlì yẹn ṣì wà lójú mi. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n tẹ́ lé e. Kíréyọ̀n wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ti kúrú, bébà ara wọn ti bó. Ọ̀dà wà nínú ìdérí ìgò, amọ̀ wà tí wọ́n fi ọ̀rá wé kó má baà gbẹ, bébà ńlá àti bébà kékeré. Bébà kékeré ni mo mú.

Kí ni mo sì yà? Ìbàdàndùn. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ á mọ̀ ọ́n, òun ni bátànì àdìrẹ tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn. Kò pẹ́ rárá tí bébà fi kún, ìlà rẹ̀ gún régé, mo gbé e fún un. Kò yìn ín. Kò sọ pé kò dára. Ó kàn ní, "Mà, nígbà tí ọwọ́ yín ń ṣe èyí, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Níbo lẹ wà?" Ìbéèrè yẹn bá mi délé, nítorí mi ò sí níbì kankan. Ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, ó ní kí n máa fi ọwọ́ òsì yà. Ọwọ́ òsì mi kò mọ iyẹ́ adìẹ tí a fi ń ya àdìrẹ dì mú, kò mọ Ìbàdàndùn. Ìlà tó fà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Inú ìlà kọ́lọkọ̀lọ yẹn ni ọ̀nà ọjọ́ náà ti jáde, igbó lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. N kò tíì lè fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó di ọjọ́ yẹn, títí kan ọkọ mi. Bébà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Torí náà, ìwọ tó o ní o ò mọ àwòrán yà, má fi ṣe ìbẹ̀rù rárá. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n yà gan-an ni mo ní ibi tí mò ń sá pamọ́ sí.

Ti àṣírí tó o sọ yẹn, kò sí ẹni tó máa ka àwòrán rẹ fún ọ. Tó o bá fi dúdú kun gbogbo bébà, kò ní sọ pé ikú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Á bi ọ́ ni. Lójú èmi, dúdú ni aró tó mu aṣọ dáadáa, owó ni. Ẹlòmíì á ní òru ni. Ohun tó o bá pè é ló ń jẹ́. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá sì tíì yá ọ láti sọ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Ẹni tó bá wo igi tó o yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ẹni tó o jẹ́ fún ọ láìbi ọ́ ní nǹkan kan, wá ẹlòmíì.

Ẹkún lè wá, ó sì lè má wá. Tèmi wá nígbà tí mò ń po amọ̀, n kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá nígbà náà. Kò dí mi lọ́wọ́, kò sì ní "ó tó". Ó fún mi ní tíṣù, ó jókòó tì mí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi máa ń wúwo nígbà tí mo bá jáde ju ìgbà tí mo wọlé lọ. Tí irú ẹ̀ bá ṣe ọ́, sọ fún un tó o bá padà lọ, ó yẹ kó gbọ́. Má sì gba aṣọ òde tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ kejì sí ọjọ́ tó o máa lọ, nítorí ó máa ń rẹ ènìyàn.

Ọmọ Alékúwodò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, Òṣogbo la wà yìí. Ìlú tí ayàwòrán pọ̀ tó báyìí! Kí ló dé tí àǹtí yìí ò kàn fi lọ kọ́ bátíìkì lọ́dọ̀ ẹnì kan, kí ọkàn wọn fúyẹ́, kí owó sì wọlé?

Aláàdìrẹ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó kan, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀, ó kó ọ̀dà fún wọn. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Rufus Ogundele, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti yọjú, tí ayé fi mọ Òṣogbo. Wọ́n ń ṣe é kí ojú lè rí i, kí wọ́n sì rà á. Bátíìkì kíkọ́ lè tu ènìyàn lára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní bátíìkì máa fẹ́ kí aṣọ náà dára, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí àbúrò mi ń lọ, ó lè ya ohun tó burẹ́wà, ó lè fà á ya kó tó dìde, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ẹni tó bá ti ru irú ẹrù yìí rí mọ̀ pé irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Délé

Ẹ̀gbọ́n aláàdìrẹ, ẹ ṣeun gan-an. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má dá oògùn yín dúró nítorí pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ni, dókítà yín nìkan ló lè sọ ìgbà tí ẹ máa dín in kù. Tí èrò pé kí ẹ pa ara yín lára bá wá, lóru tàbí lọ́sàn-án, ẹ má dúró de ọjọ́ àwòrán. Ẹ pe ẹni tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bi obìnrin náà léèrè ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí, àti ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ara rẹ̀ ní art therapist tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé àjọ Health and Care Professions Council, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ orúkọ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó bá fẹ́ ṣe é lórí fídíò pẹ̀lú ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó mọ àwòrán í kọ́ni nìkan, tí kò kọ́ ìtọ́jú ọkàn, lè ṣí egbò tí kò mọ bó ṣe máa dì í.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ yìí ti gba orúkọ. Ayàwòrán ará England kan, Adrian Hill, ni ikọ́ ẹ̀gbẹ dá dùbúlẹ̀. Ó ń yàwòrán níbi tó ti ń gba ìtọ́jú, ó sì ran àwọn aláìsàn yòókù lọ́wọ́ láti máa yà. Òun ló fún un lórúkọ yẹn ní 1942. Wọ́n lè gbọ́ èyí kí ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Ó sì tún dára kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀ nínú abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ẹbí aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a wá ni, wọ́n á jọ máa gbé láàárín ará abúlé. Ẹ bi olùtọ́jú yín bóyá ìyá lè yọjú lọ́jọ́ kan, kí wọ́n rí yàrá náà, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè wọn. Wọn ò ní wọlé nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ o, àkókò tiyín nìyẹn. Tí amọ̀ bá ṣì ń kọ wọ́n lóminú, ẹ ní ẹ ò fẹ́ amọ̀. Kò pọn dandan rárá.

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ. Mo ní àjákù aṣọ tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ańkárá, léèsì, àdìrẹ pẹ̀lú. Ṣé mo lè lò ó dípò ọ̀dà? Ohun kan ṣì kù. Aṣọ kékeré kan wà tí mo rán sílẹ̀ de ọmọ náà. Ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, n kò tíì lè fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n mú un dání?

Aláàdìrẹ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àjákù aṣọ dára púpọ̀, mú un lọ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí rẹ. Wọ́n máa ń lẹ aṣọ àti àwòrán tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn mọ́ bébà, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ mọ̀ sì ni.

Aṣọ ọmọ, fi í sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kàn sọ fún olùtọ́jú rẹ pé ó wà. Tí ẹ bá ti mọ ara yín díẹ̀, tó o sì rí i pé ọkàn rẹ gbà á, ìgbà náà ni kó o tó mú un lọ. Tó o bá mú un lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré sọ pé kó o gé e tàbí kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan. Ìwọ aránṣọ mọ̀ pé ohun tí a bá ti gé, ó di gígé. O lè kàn tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ẹ jọ wò ó. O lè ya àwòrán rẹ̀. O sì lè gbé e padà sílé bó ṣe wà.

Bi í léèrè owó rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ó máa ń gba owó ọjọ́ tí ènìyàn ò bá wá, nítorí àwọn kan máa ń gbà á. Tí owó náà bá pọ̀ ju agbára rẹ lọ, sọ ọ́ ní gbangba kẹ́ ẹ rí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Aṣọ tí ọ̀dà lè ta sí ni kó o wọ̀ lọ.