Àwọ̀n tó yi, àwọ̀n tó tọ́jọ́: nǹkan kan náà kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń bá ara yín sọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Maryland l’Amẹ́ríkà, tí ọmọ ẹ̀ ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nílé ìwé (bọ́ọ̀lù kékeré tó le, tí wọ́n ń fi igi gbá), tó fẹ́ ta àwọ̀n sẹ́yìnkùlé kí ọmọ náà máa ríbi gbá bọ́ọ̀lù láì fọ́ wíńdò ará ilé kejì. Wọ́n ń kọ àlàyé ẹ̀ ní Yorùbá fáwọn òbí bíi tiwọn, wọ́n wá ní kí la máa pe “durable netting.” Ẹnìkan ní “àwọ̀n alágbára,” ni gbogbo yín bá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá yín pa á o.

Alágbára dùn létí, àmọ́ kò sọ ohun tí ẹni tó fẹ́ náwó ń wá. Ṣebí ọ̀rọ̀ méjì la ní nílẹ̀. Tá a bá ní nǹkan yi, ó ṣòroó já nìyẹn, bí ẹran màlúù arúgbó tí eyín ò ràn. Tá a bá ní ó tọ́jọ́, ó máa pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ni. Nǹkan sì lè yi kó má tọ́jọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àwọ̀n yìí wà.

Ẹ wo náílọ́ọ̀nù gidi, èyí tí Wallace Carothers àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní DuPont ṣe lọ́dún 1935. Ó yi ju polyethylene lọ, ìyẹn irú rọ́bà kejì tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀n báyìí, bọ́ọ̀lù á bà á, á fà, á tún padà sáyè ẹ̀. Àmọ́ ó ń mu omi. Tí òjò bá ti pa á, á wúwo, àárín ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, agbára ẹ̀ á sì dín kù títí á fi gbẹ. Oòrùn náà ò ní fi í sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, àfi tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sínú oògùn tó ń dènà oòrùn. Polyethylene ní tiẹ̀ kò yi tó o, àmọ́ kì í mu omi, owó ẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n bá sì po lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ń gba oòrùn dúró mọ́ ọn, ó máa ń tọ́jọ́ níta ju náílọ́ọ̀nù tí wọn ò fi nǹkan kan sí lára lọ. Torí náà “àwọ̀n tó tọ́jọ́” ni kí ẹ̀gbọ́n kọ sí àkòrí, kí wọ́n fi “tó yi” sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tó ń ba àwọ̀n.

Èyí tó tiẹ̀ ń dà mí láàmú jù ni “náílọ́ọ̀nù” fúnra ẹ̀. Ní Ìbàdàn, l’Ékòó, l’Abẹ́òkúta, tí mo bá ní kẹ́ ẹ bá mi mú náílọ́ọ̀nù wá, kí lẹ máa mú wá? Ọ̀rá ni jàre! Ọ̀rá tí wọ́n ń di búrẹ́dì sí, tí wọ́n ń rọ píọ̀ wọ́tà sí. Ọ̀rá yẹn kì í sì í ṣe náílọ́ọ̀nù, polyethylene ni. Ó já sí pé tí ẹ̀gbọ́n bá kọ ọ́ pé “ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀n náílọ́ọ̀nù,” ìyá tó ń kà á máa sá fún èyí tó yẹ kó rà gan-an, á sì lọ kówó lé èkejì. Ẹni tó wá dábàá “àwọ̀n ọ̀rá,” ẹ ṣeun o, ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà sí òtítọ́, àmọ́ ta ló máa gbọ́ ọ̀rá tó máa kó dọ́là sílẹ̀? Èmi ní ká pè é ní “àwọ̀n rọ́bà kẹ́ẹ̀gì,” torí irú polyethylene tó le yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì epo. Ká wá pe ìkejì ní “àwọ̀n náílọ́ọ̀nù apẹja,” kò sẹ́ni tó máa gbọ́ apẹja kó máa ro búrẹ́dì.

Ẹni tó pe ojú àwọ̀n ní ihò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọ̀n tó bá ti ya ló ní ihò, ojú ni tèyí tó pé ní. Ti bésíbọ́ọ̀lù sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 1¾, láti kókó kan sí kókó kejì, bọ́ọ̀lù tí àyíká ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 9 sí 9¼ ò sì lè gba ibẹ̀. Ti gọ́ọ̀fù á gbà á o, íǹṣì 1.68 péré ni ìbú ẹ̀, nítorí náà kí bàbá má lọ máa fi ibẹ̀ ṣeré tiẹ̀. Ní ti bí òwú ṣe nípọn, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń tà á: 21, 36, 42, bó ṣe ń ga ló ń nípọn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, “nọ́ńbà òwú,” kò sídìí láti máa wá ọ̀rọ̀ míì. Ọmọ kékeré, 21 tó o. Ọmọ tó ti ń ki agbára bọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ bá 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe fífà le bí ìlù ni wọ́n ń so ó, kó dẹ̀ díẹ̀ ló dáa, ìdẹ̀ yẹn ló ń pa agbára bọ́ọ̀lù. Kó má sì fara kan irin, torí ibi tó bá ti ń ha irin ló ti máa ń kọ́kọ́ já. Yìnyín Maryland ńkọ́? Kí wọ́n tú u sílẹ̀ kí ó tó dé, yìnyín máa ń jókòó lé òrùlé àwọ̀n ni, ìwọ̀n ẹ̀ á sì fà á ya, àti tó yi àti tó tọ́jọ́.

“Àgò báàtì” fún ilé àwọ̀n náà tẹ́ mi lọ́rùn (báàtì ni igi tí wọ́n fi ń gbá bésíbọ́ọ̀lù), “àgò ìgbábọ́ọ̀lù” á jẹ́ kí wọ́n máa ro fútúbọ́ọ̀lù. Okùn tó yí etí ẹ̀ po, “okùn etí àwọ̀n” ni mo fi sí i fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tẹ́ ẹ bá ní orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá ká fi rọ́pò ẹ̀.