Ẹ gbà mí o: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ gbẹ́ ihò ní Holland

OmoIkere
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Final year jọ́gíráfì ni mo wà l'Ádó, súpáfáísọ̀ mi ní kí n lọ ka iṣẹ́ Henk Berendsen, ará Holland kan tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Utrecht, ó kú ní 2007. Mo kà á títí ojú ń ro mí, ohun tí mo rí ò ju pé bàbá yẹn ò kúrò lójú kan. 1982 ló gba PhD, lórí bí ilẹ̀ apá gúúsù Utrecht ṣe di bó ṣe wà, lẹ́yìn ìyẹn ó tún padà sídìí ilẹ̀ yẹn náà ó ń gbẹ́ ẹ lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń lórúkọ lọ́hùn-ún nìyẹn? Èmi rò pé ẹni tó bá ka jọ́gíráfì á rìn káyé ni. Kí ló tiẹ̀ kàn mí ńbẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, tí mo bá ṣí fèrèsé òkè Olóṣùnta ni mò ń rí.

Tisa_Geo
Àbúrò, o ò tíì ka nǹkan kan. Ilẹ̀ Holland yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, odò Rhine àti Maas ló kó apá ibẹ̀ yẹn wá, yanrìn, amọ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́ kan tó jẹ́ pé koríko àti ewé jíjẹrà ni gbogbo ẹ̀. Láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn làwọn odò yẹn ti ń ṣí kúrò lójú ọ̀nà wọn, wọ́n á la ibòmíì, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ á dí, amọ̀ á bò ó, o lè dúró lórí ẹ̀ kó o má mọ̀. Àfi kó o gbẹ́ ẹ. Bàbá yẹn á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, auger ọlọ́wọ́ ni o, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ, wọ́n á tì í wọlẹ̀, wọ́n á fà á yọ, 10 sẹ̀ǹtímítà sí 10 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀: amọ̀ ni àbí yanrìn, àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́, ṣé ewé wà ńnú ẹ̀. Nígbà tóun àti Esther Stouthamer, tó kàwé lábẹ́ ẹ̀, máa fi gbé ìwé wọn jáde ní 2001, ihò ti ju 200,000 lọ. O wá ní kò rìn.

AyoIse
😂😂 Ihò 200,000! Èkìtì kan ì bá ti fi ìyẹn gba pròfẹ́sọ̀ mẹ́rin.

Mama_Akuro
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò kàwé o, ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn. Lẹ́ẹ̀rùn èṣí a gbẹ́ kànga ní àkúrọ̀ mi, amọ̀ dúdú la kọ́kọ́ bá, nígbà tó kan orúnkún ọmọ tó ń gbẹ́ ẹ, yanrìn funfun ló kù, pẹ̀lú òkúta wẹẹrẹ tó ń dán bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́, odò sì jìnnà síbẹ̀. Bàbá onílẹ̀ ní odò ti gbabẹ̀ rí. Ṣé ohun tí bàbá òyìnbó yẹn ń wá nìyẹn?

Tisa_Geo
Màámi, òun gan-an! Tiwọn tún wá ní àrà kan, tí amọ̀ àti ilẹ̀ dúdú yẹn bá gbẹ, á fún pọ̀ á sì rì, yanrìn kì í rì bẹ́ẹ̀, ojú odò àtijọ́ á wá yọrí sókè díẹ̀, orí ẹ̀ sì làwọn èèyàn ń kọ́lé sí látijọ́ torí omi kì í tètè débẹ̀. Stouthamer ti di pròfẹ́sọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń rì yẹn ló ń ṣe. OmoIkere, àmọ́ má lọ da tiwọn kọ o, níbí kò ní pẹ́ tí auger á fi kan òkúta.

OmoIkere
Ojú tì mí díẹ̀ 🙈 Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ṣé mo lè wá wo ibẹ̀? Auger kan wà ní dìpátímẹ́ǹtì wa, ó ti dógùn-ún, ọwọ́ ẹ̀ kan sì ti kán, màá fi igi so ó.

Mama_Akuro
Máa bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀bá ilẹ̀ ni kó o gbà o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin tẹ̀tẹ̀ ni.