Ìgò kékeré tó dá ìyá padà sílé nígbà méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nípa èéyi. Tíṣà ni mí, kíláàsì kejì ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Oṣù Kejì ọdún 2025 ni, ooru mú, eruku sì gba gbogbo ibi. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń wúkọ́. Nígbà tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní ọ̀fìnkìn ni, pé kó gbórí lé tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá sílé ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kò wá. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé èéyi ti sú sí i lára, láti ẹ̀yìn etí bọ̀ dé àyà.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ń dùn mí títí di òní. N kò mọ̀ pé èéyi ti ń ràn kó tó sú síta rárá, láti nǹkan bí ọjọ́ 4 ṣáájú títí di ọjọ́ 4 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ní in lè ti jáde kúrò nínú yàrá, kí kòkòrò àìsàn náà ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí 2. Nínú ènìyàn 10 tí kò ní àjẹsára tó bá fara kàn án, bíi 9 ni yóò kó o. Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, mẹ́ta mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì kan.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn mẹ́fà mìíràn fi dùbúlẹ̀. Ọ̀kan di ti otútù àyà, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ọlọ́run ṣeun, gbogbo wọn ló padà wá.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ọmọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Mo lọ wò ó nílé. Yàrá ṣókùnkùn, ẹfun funfun lára ọmọ, òórùn ẹmu gba gbogbo ilé. Mo kúnlẹ̀ kí màmá. Wọ́n ní, "Àńtí, ẹmu ló ń jẹ́ kó jáde dáadáa. Bó bá kù sínú, a máa pa ọmọ." N kò bá wọn jà, ìfẹ́ ọmọ náà ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ti lẹ̀ pọ̀, ó ń ṣepin. Mo bẹ màmá, a gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì mú hóró pupa kan, rírọ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e lórí, ó fún òróró inú rẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu: fítámínì A. Ó ní kí wọ́n padà wá gba èkejì lọ́la, pé èéyi máa ń gbẹ fítámínì yìí lára ọmọ, ibẹ̀ ni ìfọ́jú ti ń wá. Ojú ọmọ náà là.

Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí màmá tèmi. Ìlú tiwọn, Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ni dókítà òyìnbó tó ń jẹ́ David Morley ti tọ́jú ọmọ eléèyi títí, tó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1963. A ti mọ̀ pé èéyi ń pa ọmọ láti ìgbà pípẹ́ lórí ilẹ̀ yìí.

Ọ̀gá wa ní kí gbogbo ọmọ mú káàdì àjẹsára wá. Àwọn tó mú un wá kò tó ìdajì. Inú bí mi. Mo ti ń sọ ọ́ láàárín àwọn tíṣà pé àwọn òbí yìí kì í fẹ́ gbọ́. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ló là mí lójú. Ata ló ń tà lọ́jà. Ó ní, "Àńtí, n kò kọ̀ ọ́ o. Nígbà tó pé oṣù 9, mo gbé e lọ. Wọ́n ní ọmọ kò tíì pọ̀ tó láti ṣí ìgò, kí n padà wá. Mo padà lọ, wọ́n tún sọ bákan náà. Owó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì, ata mi rà sílẹ̀."

Ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ èéyi nínú ìgò, ọmọ 10 ni ìgò kan máa ń tó. Bí wọ́n bá ti po ó mọ́ omi rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 6, dídànù ni. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń dá ìyá ọlọ́mọ kan padà, kí oògùn má baà ṣòfò. Kò dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ní kí wọ́n ṣí i bó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Èmi sì ti ń bú ìyá tó rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ọ̀gá wa sọ ọ́ pé ilé ìwé ló yẹ kí abẹ́rẹ́ yìí máa wá bá ọmọ. Nígbà tí ètò àjẹsára èéyi àti rùbẹ́là (àìsàn mìíràn tó jọ èéyi) tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2025 dé ọ̀dọ̀ wa, fún ọmọ oṣù 9 títí dé ọdún 14, èmi ni mo lọ láti ilé dé ilé. Bàbá kan ní wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ òun di àgàn. Mo ní kó wá dúró kó máa wò, ọmọ tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gún. Ó wá lóòótọ́, ó káwọ́ gbera. Nígbà tó rí tèmi, ó ti ọmọ rẹ̀ síwájú.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbé tábìlì sí, pẹ̀lú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gún ọmọ tán, wọ́n á fi máákà kun èékánná rẹ̀. Màmá ẹlẹ́mu náà di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú wá.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ pa àtẹ tì, ó mú Àbẹ̀kẹ́ àti àbúrò rẹ̀ wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ po ìgò òmíràn, ìyá náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wò ó. Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Èyí ni?" ló wí.

Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí i.