Ẹ gbà mí o, ìlà kejì ti pòórá

Àjọkẹ́: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọyàn ń ro mí, inú ń rìn mí, nǹkan oṣù mi ò sì wá. Ìlà méjì, tó ní oyún wà, ló jáde lórí strip tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo tún un ṣe lánàá, ìlà kan ṣoṣo! Ìyá ọkọ mi sì ti ròyìn kárí ọjà. Àbúrò ọkọ mi tó gbéyàwó lẹ́yìn wa ti bímọ kejì, èmi ni wọ́n tún ní kí n sanwó aṣọ ẹbí ìkómọ. Ṣé oyún ọ̀hún ti wálẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ ayé ni?

Ìyá Ìbejì: Strip burúkú ni. Ìlà kan náà ló ń fi hàn mí títí síkáànì fi bá ọmọ méjì níbẹ̀. O kú oríire!

Àǹtí Rónkẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ yé tan ọmọ ọlọ́mọ. Àjọkẹ́, kí lò ń lò?

Àjọkẹ́: Mi ò fẹnu kan àgbo tí ìyá ọkọ mi gbé wá o.

Àǹtí Rónkẹ́: Ta ló bi ọ́ léèrè àgbo? Ti ọsibítù ńkọ́?

Màmá Tómi: Clomid, oògùn tó ń mú ẹyin jáde, ni tèmi. Ó gbẹ omi ojú ara mi, ọkọ mi ní mi ò fẹ́ òun mọ́ ni!

Àjọkẹ́: Progesterone lásán ni, oògùn tó ń gbé oyún ró, tí mò ń fi sí ojú ara lálaalẹ́. Àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi kí ẹyin lè jáde.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ ò rí nǹkan! hCG, èròjà tí ara aboyún máa ń pèsè, ló máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, òun gan-an sì ni strip ń wá nínú ìtọ̀. Ó lè wà lára tó ọjọ́ 10 sí 14, kó máa fa ìlà láìsí oyún. Progesterone ní tiẹ̀ máa ń mú ọyàn ro, ó ń mú inú rìn, ó sì lè dá nǹkan oṣù dúró. Àmì wọ̀nyẹn ò lè sọ òótọ́ fún ọ. Lọ ṣe àyẹ̀wò hCG inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á tún un wò lẹ́yìn wákàtí 48 bóyá ó ń lọ sókè. Títí dìgbà náà, má dá progesterone dúró fúnra rẹ.

Àjọkẹ́: Mo ti sọ páálí rẹ̀ sí àkìtàn lálẹ́ àná, inú ló bí mi.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Háà! Pe dókítà rẹ nísinsìnyí.

Ìyá Ìbejì: Ìbejì ni, mo ti sọ tèmi.